Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Múfútáù Pààrọ̀

Ìgbà kẹta rèé tí mo gbé mọ́tò mi padà sọ́dọ̀ Múfútáù mẹkáníìkì. Inú ń bí mi débi pé n kò dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí o pààrọ̀ ṣì ń ṣí fúnra rẹ̀! Níbo lo ti rí i ná?"

Ó wo mọ́tò kan tó rún wómúwómú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè mọ́. "Ara ìyẹn ni mo ti yọ ọ́, Àǹtí. Alhájì kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wà á wò."

Mo wà á, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé kọ́nà tí ilẹ̀kùn náà ti máa ń ṣí. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àga ẹ̀yìn dún bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó. Ilẹ̀kùn sì padé jẹ́jẹ́.

"O ti rí i báyìí? Àbí irọ́ ni mo ń pa?"

Dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn ni Múfútáù tẹjú mọ́. Ó rọra ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Alhájì," ó wí. "Mo rò pé bíréèkì yín ti mú dáadáa ni mo ṣe ní kí ẹ máa gbé mọ́tò yín lọ."