Ọjọ́ Orí Wàsíù

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Hàsíátù máa ń yà lọ́dọ̀ Samiratou, akọ̀wé ilé ìwòsàn kan ní Ifangni, tòun ti igbá gààrí lórí. Kì í jókòó. Ìbéèrè kan náà ló máa ń béèrè.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Wàsíù. Ọmọ ọdún mélòó ni báyìí?"

Samiratou á tẹ orúkọ ọmọ náà. Òun ló ṣe fọ́ọ̀mù tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: ọjọ́ ìbí nìkan lèèyàn ń kọ, ẹ̀rọ ló ń ṣírò ọjọ́ orí.

"Ọdún mẹ́fà ó lé oṣù méjì, Ìyá Wàsíù."

"Alihamudulilai. Ó ti tó wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, nìyẹn."

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì gba ọjà lọ. Samiratou kì í lè wò ó lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Victorin, ọ̀gá ibẹ̀, mú ìwé ìjábọ̀ ìparí oṣù wá.

"Samiratou, ta ni Wàsíù yìí? Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wá síbí kẹ́yìn. Kí ló dé tí o ò tíì pa fáìlì rẹ̀ dé?"

Samiratou gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Ṣé ẹbí rẹ ni?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Bon, ó dáa, kọ ọ́ pé wọ́n ti kó lọ. Mo fẹ́ rí i lónìí."

Nígbà tí Victorin jáde, Samiratou ṣí fáìlì náà. Ibà ló gbé ọmọ náà wá nígbà yẹn. Ó ti ní kí Hàsíátù padà wá ní ọrún òní, ó sì ti kọ́ ẹ̀rọ pé kó fi ọjọ́ márùn-ún kún òní. Ṣùgbọ́n Hàsíátù ka ọrún bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń kà á, òní gan-an ló fi ṣe ọjọ́ kìíní. Ó fi ọjọ́ kan ṣáájú ẹ̀rọ, ó sì pọn ọmọ dé.

"Ọ̀la ni tiyín, Ìyá Wàsíù. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ó dáa, Màdáàmù."

Samiratou mọ̀ pé ọmọ náà ń gbóná. Lẹ́yìn tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì ló tún ìṣirò ọ̀hún ṣe, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú náà kò kúrò lára rẹ̀ títí dòní.

Samiratou padà sójú fọ́ọ̀mù náà. Kò kọ ọ́ pé wọ́n ti kó lọ. Ó kọ déètì ọ̀la tó dá fún Hàsíátù lọ́jọ́ náà sínú àpótí tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ikú sí, ọdún mẹ́fà ó lé oṣù méjì tó wà lójú ẹ̀rọ sì yí padà di ọdún méjì.