Gíà Tó Bàjẹ́

"Màdáámù, N ni mo ní kí ẹ fi gíà sí kí táyà lè yí, kì í ṣe P!" ni Bàbá Fawziath kígbe.

"N náà ló wà," agbẹ̀bí fèsì látinú ọkọ̀.

Ṣéènì tó ń fa mọ́tò wọnú ẹ̀rọ ìfọkọ̀ ń dún gbìrìgbìrì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbẹ̀bí kò sún. Ìfọkọ̀ tuntun nìyí ní Ìfọ̀nyìn. Bàbá Fawziath tó ni ín ti kun gbogbo rẹ̀ ní búlúù, títí kan garawa.

"Gíà yín ti bàjẹ́," ni Bàbá Fawziath wí. "Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ọkùnrin bá yín wà á."

Àwọn onímọ́tò tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ̀bí ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá Fawziath. Láwọn ọjọ́ yẹn, ẹ ò ní kí ọkùnrin wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ pe mẹkaníìkì!" ni ọkùnrin náà kígbe. "Ẹ wọ́ mọ́tò yìí kúrò lọ́nà!"

Agbẹ̀bí ṣílẹ̀kùn. Ó bọ́ sínú ọṣẹ tòun ti aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ó fa nǹkan kan yọ. Mọ́tò yí, ṣéènì sì gbé e wọlé láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ó gbé òkúta búlúù kan lé Bàbá Fawziath lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi í há táyà nígbà tí agbẹ̀bí ń dúró kó kàn án, torí kò gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ẹnikẹ́ni.

"Gíà tó bàjẹ́ rèé," ni agbẹ̀bí wí. "Ẹ bá mi gbé e fún mẹkaníìkì."