Aṣọ Tí Mo Fi Ń Bo Ojú Ẹ̀rọ

Kí Ìyá Dúrójayé tó wọlé ni mo ti fi aṣọ bo ojú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ọ́fíìsì tí a ti ń fa fáìlì àwọn olóògbé wálẹ̀ láti ibi ìpamọ́ ojú òfurufú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfin ní ohùn òbí nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí fáìlì ọmọ tó kú. Àwa Yorùbá sì rèé, òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ṣòfin ò bi wá léèrè. Èmi ni mo wá aṣọ, kí òbí má bàa fojú rí ẹ̀rọ tó dà bí sàréè ọmọ rẹ̀.

Ìyá Dúrójayé jókòó. Láoyè, àbúrò ìyá náà, dúró tì í.

"Màmá, ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é nílé," ni mo wí.

Bí ìyá náà kò bá pè é lónìí, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí òfin fún un, gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ, tó yà, tó sọ, yóò pa rẹ́.

"Dúrójayé! Dúrójayé o!" ni ìyá náà ké.

Iná tàn lábẹ́ aṣọ. Àwọn fáìlì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ike ìpamọ́ kan tí kò ju èékánná lọ. Láoyè yọ ọ́, ó fi í sápò. Òun nìkan ni yóò mọ ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá tó sọ̀rọ̀.

"Láoyè, ṣé ó wúwo?"

Láoyè fọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ó wúwo, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà."