Akoto Tí Lékè Kò Dé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó bá fẹ́ràn eré orí yìnyín. Lará, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ló sọ ọ́ fún mi. Òun náà ló ní kí n kọ ọ́.

1.

Park Hill, ní Staten Island, ni wọ́n bí Lékè Mákánjúọlá sí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, iṣẹ́ kọ̀mpútà ló ń ṣe ní Manhattan. Ìyá rẹ̀, Màmá Florence, ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Lará ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Oṣù kẹfà ni wọ́n fi ìgbéyàwó sí.

Eré kan wà tó ti kó sí Lékè lórí: snóbọ́ọ̀dù. Ṣé ẹ mọ pátákó gbọọrọ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n fi ń yọ̀ láti orí òkè oníyìnyín wá sísàlẹ̀? Òun ni. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn nídìí ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í dé akoto, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń dé. Ó ní kì í jẹ́ kí ojú òun hàn nínú fídíò, ó sì ń ba irun òun jẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Tompkinsville háyà bọ́ọ̀sì lọ sí òkè kan lápá àríwá. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Lékè, akoto tí mo rà fún ẹ dà?"

"Mummy, láti ọdún tó kọjá mi ò tíì ṣubú."

"Ṣé ẹni tó máa ṣubú máa ń mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mà. Mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe."

Ó gbá a mọ́ra, ó sáré jáde.

2.

Níbi tí wọ́n ti ń yá pátákó, bàbá òyìnbó arúgbó kan ló ń kó ohun èlò fún wọn. Ó fún Lará ní akoto, àti ike tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn-ọwọ́ àti orúnkún. Ó na akoto kan sí Lékè náà.

Lékè rẹ́rìn-ín. "Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nìyẹn."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé akoto náà sílẹ̀ lórí káńtà, ó ń wo Lékè títí ó fi jáde.

Lará ṣubú nígbà mẹ́jọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi orí gbálẹ̀. Ó dìde, ó gbọn yìnyín dànù, ó ń bá eré rẹ̀ lọ.

Lékè ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

3.

Kì í ṣe lórí òkè gíga o. Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ eré. Aago méjì ọ̀sán ni. Lará ń yà á ní fídíò. Lékè yíjú padà láti juwọ́ sí i, ni etí pátákó bá há sínú yìnyín, ó sì ta á sẹ́yìn. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, yìnyín ibẹ̀ sì ti dì bí òkúta. Lará ní ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn fi àgbọn lu sìmẹ́ńtì.

Lékè dìde. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

"Lará, ṣé fídíò yẹn wọlé? Má jẹ́ kí Mummy rí i o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ orí òkè sáré dé, wọ́n ní kó jẹ́ kí dókítà yẹ orí rẹ̀ wò. Ó ní ara òun le koko. Ó tiẹ̀ buwọ́ lu ìwé pé òun kò lọ.

4.

Bọ́ọ̀sì ti rìn díẹ̀ nígbà tí Lékè fọwọ́ nu ẹnu, tó rẹ́rìn-ín. "Lará, ṣé fídíò yẹn wọlé? Má jẹ́ kí Mummy rí i o."

"Ó wọlé," ni Lará wí.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Lará, ṣé fídíò yẹn wọlé? Má jẹ́ kí Mummy rí i o."

Anthony, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn wọn, rò pé àwàdà ni. Ó ń kà á sókè: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohùn kan náà. Ẹ̀rín kan náà, kò gùn ju ti àkọ́kọ́, kò kúrú jù ú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, Anthony kò kà á mọ́. Àwọn tó ń kọrin lẹ́yìn bọ́ọ̀sì dákẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dákẹ́.

Lará rò ó pé bí òun ò bá dáhùn, bóyá á ṣíwọ́. Lékè tún béèrè. Lará panu mọ́. Lékè dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó wá fi ohùn tín-ín-rín dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ó wọlé." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Lará sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lékè, wò mí. Èmi ni."

Ó yíjú sí i. Ọmọlójú rẹ̀ kan ti fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ má bínú mà. Ta ni yín?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Lékè kò tíì fi "ẹ" bá Lará sọ̀rọ̀ rí.

Lará figbe ta sí awakọ̀.

5.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni wọ́n yà sí. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú orí rẹ̀ láti aago méjì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Lékè tó lọ kọ́ ló padà dé. Ó ń jẹun, ó ń rìn, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé. Màmá Florence fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ kó lè tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Oṣù kẹfà dé, ó kọjá, ìgbéyàwó ò wáyé. Lará ń lọ sílé wọn lójoojúmọ́. Nínú oṣù kẹsàn-án, Màmá Florence fà á wọ kíṣìnì.

"Ọmọ mi, máa lọ. Mi ò ní bínú sí ẹ."

"Mà, mi ò lè fi í sílẹ̀."

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ ò sí nínú ilé yìí mọ́. Èmi náà ń wá a, mi ò rí i."

Wọ́n jọ sunkún. Ní pálọ̀, Lékè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tàn, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ o. Mi ò sọ pé akoto ń lé gbogbo ewu lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé Lará dé akoto, ó fi orí gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan ò ṣe é, òun ló sì ń ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ lórí yìnyín, kó dé akoto, kó de ike mọ́ ọrùn-ọwọ́ àti orúnkún, ìbáà jẹ́ ọ̀gá nídìí ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fi orí gbálẹ̀, ẹ má gba "ara mi le" gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Irun tó bà jẹ́ ṣeé tún ṣe. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta orí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.