Òkúta tí Láyíwọlá Fi Sójú Títì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ kì í jẹun tán kí ẹ tó dìde, ẹ súnmọ́ mi, tiyín ni ìtàn yìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láyíwọlá. Ó gbọ́n, iṣẹ́ kì í sì í sú u, ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ ju ti ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdílé wọn. Nígbà tí ara bàbá kò gbé e mọ́, Láyíwọlá àti Àsàbí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ọkọ̀ kan di mẹ́rin. Àsàbí fúnra rẹ̀ ń wa ọ̀kan, kò sì sí ọkùnrin tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí sítíárì. Òfin kan péré ni bàbá fi lé wọn lọ́wọ́: "Bí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́ lọ́nà, tí ẹ já ewé sẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ fi òkúta há táyà, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìkó ewé, láìgbé òkúta."

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn ayọ̀ dé. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Ìbàdàn ní bí àgbàdo ọkọ̀ mẹ́rin bá lè dé ọ̀dọ̀ àwọn kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì tó lù, iṣẹ́ ọdún kan di tiwọn. Láyíwọlá fò sókè bí ọmọdé! Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ọkọ̀ mẹ́ta ti gbéra, tirẹ̀ ló ṣáájú. Àsàbí, tí ẹrù rẹ̀ kò tíì kún, ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, táyà Láyíwọlá bẹ́. Wọ́n já ewé sójú ọ̀nà, wọ́n gbé òkúta ńlá kan há táyà ẹ̀yìn, wọ́n pààrọ̀ èyí tó bẹ́. Láyíwọlá kò tilẹ̀ nu ọwọ́ tó fi fò sínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, òkúta yẹn ńkọ́?" Mufú, awakọ̀ kejì, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ṣé òkúta ló máa gbé iṣẹ́ fún wa ni? Ẹni tó bá ń bọ̀ á yà fún un. Ó yá, ká máa lọ!"

Wọ́n ti ń wo ẹnubodè ilé iṣẹ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán, Láyíwọlá ti ń kọrin, kí fóònù tó dún. Àsàbí ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo kọ lu òkúta kan lórí òkè Ọ̀yọ́ o. Ọkọ̀ kan dojú kọ mí, mi ò ráyè yà. Táyà méjì ló bẹ́, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú mi."

Orin kú sí Láyíwọlá lẹ́nu. Iṣẹ́ ọdún kan wà níwájú, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á. Ó kó táyà ìpààrọ̀ tí Mufú àti awakọ̀ kẹta gbé dání, ó sì yí ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Àsàbí. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn, tí òógùn bo ojú wọn! Bí wọ́n ṣe parí, Àsàbí sáré wọ ọkọ̀.

"Ẹ wọ ọkọ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá mi, àkókò ń lọ!"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé òkúta mi."

Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó sì kó gbogbo ewé náà tán.

Aago kan ti lù kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọdún kan bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́ta péré ni ọ̀gá ibẹ̀ fún wọn láti fi dán wọn wò. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta náà, wọn kò pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta sì di ọdún, ọdún ń gorí ọdún. Lónìí, ọkọ̀ wọn ti pé ọgbọ̀n! Òkúta yẹn wà láàárín ọgbà wọn. Awakọ̀ tuntun kò ní gba kọ́kọ́rọ́ láìgbé e yí ọgbà ká. Bí ó bá béèrè ẹni tó ni òkúta, Láyíwọlá á dáhùn pé, "Èmi ni. Àbúrò mi ni mo gbé e sílẹ̀ dè."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yára o, mi ò ní kí ẹ má yára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun ìkọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí ẹ kò mọ ẹni tí yóò jẹ́. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.