Tẹlifíṣọ̀n Bàbá

Àkọ́bí ń yan tẹlifíṣọ̀n fún bàbá rẹ̀.

Atajà gbé ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n jáde.

"Gbé e sọ́hùn-ún jàre! Ṣé káwọn àbúrò mi lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mẹ́tàlélógójì ló mú. Kò wọ́n jù, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Bó ṣe dé ilé bàbá, kò tiẹ̀ jókòó. Ó gbé e kọ́ ògiri, ó na fóònù sókè. Ẹni tó bá ṣoore, ó yẹ káyé rí i.

"Bàbá, ẹ wo fóònù, ẹ rẹ́rìn-ín."

Bàbá rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀kùn.

"Ibí ni mo wà, Bàbá!"

"Máa sọ̀rọ̀ lọ, ọmọ mi, kí n lè mọ ibi tó o wà. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ pé ojú mi ti fọ́, o ní wàá pè mí padà."