Olè Aago Mẹ́wàá

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Afínjú ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní ilé àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan fóònù. Ilé iṣẹ́ bàálù ló kọ lẹ́tà náà sí ímeèlì rẹ̀, níbi tó ti ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ àkáǹtì máìlì, èrè ìrìn àjò tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ di tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, máa wá láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ẹnì kan ti bèèrè páásíwọọ̀dù tuntun. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ tẹ ibí. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ má dá a lóhùn.

Kì í ṣe òun. Ara rẹ̀ bù máṣọ, bí ìgbà téèyàn bá bá irun nínú oúnjẹ.

Ohun tó wà nínú àkáǹtì yẹn kì í ṣe kékeré. Ìrìn ọdún méjìlélógún ló di máìlì níbẹ̀, ó sì tó tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ sí etíkun kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wo àwòrán rẹ̀ tipẹ́. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wọn ni wọ́n fẹ́ lọ fi ṣe. Wọn ò tíì bímọ, wọn ò sì tíì lọ ibì kankan. Bí olè bá lè wọ àkáǹtì náà pẹ́nrẹ́n, ìrìn àjò ti parí nìyẹn.

Kò tẹ ohunkóhun nínú lẹ́tà náà. Ó mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹja. Ó gba ìkànnì ilé iṣẹ́ náà wọlé fúnra rẹ̀, ó yí páásíwọọ̀dù padà, ó sì so àkáǹtì náà mọ́ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà mìíràn dé. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń nu tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ ti nù tẹ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀.

"Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ló máa ń dé. Olè tó ń jẹun àárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́."

"Olè ọmọlúàbí nìyẹn," ìyàwó rẹ̀ ní. "Á ti máa gbàdúrà sí oúnjẹ náà pẹ̀lú."

Afínjú ò rẹ́rìn-ín. "Ó ń rí mi lára ni. Kéèyàn jókòó sójú kan, kó máa ti ọwọ́ ìdọ̀tí bọ nǹkan oníǹkan. Ìtìjú ò sí lójú wọn rárá."

Ìyá Afínjú jáde láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí rédíò ti ń ka ìròyìn ní èdè tí ẹlòmíì nínú ilé ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà wà lórí àìsàn nílẹ̀ òkèèrè, kò sì sí ohun tí ìyá ń rò mọ́ ju ìyẹn lọ.

"Ọmọ mi, lẹ́tà kankan ò wá fún mi?"

"Kò sí, Màmá."

"Wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́."

"Bó bá dé, a máa rí i. Ẹ ṣáà má tẹ ìtẹ̀kutẹ̀ lórí fóònù yẹn o. Ayé ti bàjẹ́."

Màmá wò ó díẹ̀, ó ní ó dáa, ó padà wọlé.

"Wọ́n fẹ́ fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn kó tó pẹ́ jù ni," ìyàwó rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ nǹkan," Afínjú dáhùn, ó sì yí aṣọ ìnutábìlì náà sí ojú kejì.

Kò lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ní òdìkejì títì, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe fi ìka họ imú, ó sì fi ìka kan náà tẹ fóònù oníbàárà. Afínjú ti fèrèsé.

"Ẹni tó ń bèèrè náà ò jìnnà sí yín," òṣìṣẹ́ náà kọ. "Àdúgbò kan náà lẹ wà."

"Mo ti fura," Afínjú kọ. "Ẹ bá mi tì í mọ́ta pátápátá."

"Kó lè dá wa lójú pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ àkọ́bí yín?"

Ó tẹ orúkọ náà kíá. Kò sí orúkọ tó mọ̀ jù ú lọ.

"A dúpẹ́. Ó ti parí. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń ṣọ́ra bíi tiyín."

Kò fi falẹ̀. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lójú ẹsẹ̀, máìlì tó ṣẹ́kù ò sì lè gbé adìẹ dé pápákọ̀ òfuurufú. Ó pe ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè," ó ní, "ọjọ́ kan ni tolóhun."

Lẹ́yìn náà, ó fi ọtí apakòkòrò nu kọ̀ǹpútà, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Màmá, tó fi ọdún méjìlélógún wọ bàálù kiri ṣe ògbufọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ fún ìgbà karùn-ún láti bèèrè páásíwọọ̀dù tuntun, fóònù sì dá a lóhùn pé wọ́n ti gba àkáǹtì náà lọ́wọ́ olè.